Ìka Wúràọlá

Ẹ gbọ́ mi o! Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló fẹ́ gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì tí a ti jọ ń jẹ, tí a jọ ń jà.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló sọ pé Wúràọlá ní ìtọ̀ ṣúgà. Gbénró, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó máa gún ìka láràárọ̀ kó tó fi nǹkan kan ẹnu, kó sì máa pe òun lórí fóònù láti sọ iye tó bá yọ. Ṣùgbọ́n àwa àgbẹ̀ Ìgbàrà-Odò, oko la ti ń jẹun àárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ga. Bí Wúràọlá ṣe ń gbé ẹ̀rọ lọ sóko nìyẹn.

Oṣù kan gbáko, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Àádọ́fà, ọgọ́fà, ọgọ́fà ó lé díẹ̀. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kòkó ni wàhálà dé. Lọ́jọ́ Ajé, igba ó lé mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjìlérúgba. Lọ́jọ́rú, ọ̀ọ́dúnrún ó dín méjì! Gbénró lọgun lórí fóònù: "Ẹ bá mi di ẹrù Màámi. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa gbé."

Inú bí mi burúkú. Mo ní kí n ju ẹ̀rọ ọ̀hún sódò. Ẹ̀rù gan-an ló ń bà mí. Bí Wúrà bá lọ, ta ni n óò máa bá ṣàríyànjiyàn?

Wúràọlá tí kò kọjá ìwé kejì yìí, èédú ló fi ń kọ gbogbo iye yẹn sára ògiri ilé ìdáná, pẹ̀lú ohun tó jẹ àti iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a ti ti oko dé ní Ọjọ́bọ̀, ó dúró níwájú ògiri náà, ó wò ó títí.

"Bàbá Gbénró," ó ní, "uṣu kan náà ni mò ń jẹ, oògùn kan náà ni mò ń lò. Ọjọ́ tí mo bá fọ́ kòkó nìkan ló ń ga. Bí òṣùwọ̀n kòkó bá purọ́, kí la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò?"

"Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn."

Ó na ìka sí mi. "Ó yá, lá a."

Mo lá a. Yéè! Ó dùn bí oyin! Omi ara kòkó ni, torí omi tí à ń gbé lọ sóko, mímu ló wà fún; ewé la fi ń nuwọ́.

Ní Sátidé, Gbénró dé, kò tilẹ̀ jókòó. "Ẹrù dà?" Ìyá rẹ̀ gbé odindi kòkó kan lé e lọ́wọ́: "Fọ́ ọ, kó o pọ́n ọn lá bí o ti ń ṣe ní kékeré." Ó lá a tán, Wúrà fún un léwé kó fi nuwọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ tuntun gún un níka. Igba ó lé márùndínlógójì!

"Mo gbé! Màámi, èmi náà ti ní in!"

"Lọ fi ọṣẹ fọwọ́, kó o nù ún gbẹ."

Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìyá náà fọ tirẹ̀: ọgọ́fà ó dín méjì. Gbénró pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, ṣúgà ara ìka ni ẹ̀rọ ń kà mọ́ ti ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n máa fọwọ́ kí wọ́n tó gún un, kí Màámi má sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Gbénró dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi ń wo ìyàwó mi, orí mi wú. Ẹ wo ọpọlọ!

"Ulé ọkọ mi ni mo wà," ni Wúràọlá wí. Ó wọ yàrá lọ tú ẹrù rẹ̀ tí mo ti bá a dì. Nígbà tó jáde, àpò kan tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Ó ṣí i: ṣòkòtò mi méjì, fìlà mi, igi ìfọyín mi.

"Bàbá Gbénró, ta ló ní kí ìwọ di ẹrù?"

Mo wolẹ̀. "Ṣé o rò pé màá jẹ́ kí ìwọ nìkan lọ ni?"