Àmì Orí Ọ̀rọ̀

“Ọkọ̀ rere ni, baba rere ni…”

Màmá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Ọkọ̀ kẹ̀? Èrò mélòó ló ń gbà?”

Obìnrin akọ̀wé tó jókòó níwájú rẹ̀ wo ìwé ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo Màmá, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé ilé opó lòun wà. Ó sáré fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ má bínú, Màmá. Ọkọ. Ọkọ rere. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa ni ò mọ àmì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ jáde lórí pípá.”

“Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí gbẹ̀yìn.”

Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà, yunifásítì máa pé jọ sí gbọ̀ngàn ńlá láti rántí ọkọ Màmá. Akọ̀wé àgbà wọn ni tẹ́lẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró lórí pèpéle, tó ń pe orúkọ àwọn tó ń gbàwé ẹ̀rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin yìí ló máa ka ìtàn ayé rẹ̀, ló bá ní kóun kọ́kọ́ wá kà á fún ìyàwó. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè òkun, orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó. Màmá nìkan ló máa jókòó síwájú. Bó sì ṣe gbọ́ “ọkọ̀” yẹn, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń ka ayé èèyàn. Bí wọ́n bá ṣì í kà lónìí, ọjọ́ wo ni wọ́n tún fẹ́ tún un kà?

“Kò ní lọ síta báyìí,” ó ní. “Bá mi mú pẹ́ńsùlù tó wà lórí fìríìjì yẹn.”

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kà dé. Lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú di òní. Ṣùgbọ́n etí! Àní etí rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bí ọjọ́ ìgbàwé ẹ̀rí bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ rẹ̀ a kó orúkọ wálé, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì yìí, níbi tí Màmá ti ń gé àlùbọ́sà. Orí pípá náà ni gbogbo wọn. Ọkùnrin náà a pe ọ̀kan, Màmá a gbọ́ ọ, a mi orí. “Mí nìyẹn, kì í ṣe dò. Ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di nǹkan mìíràn.” Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní igi kékeré méjèèjì, èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti fi ìka sórí lẹ́tà, Màmá a fi igi lé e. Màmá bá sọ ọ́ dorin:

*Mo gòkè, mo bá mí níbẹ̀,*
*mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá dò;*
*re jókòó sáàárín,*
*kò fò, kò ṣubú.*

“Ẹni tí a bá ṣì pè lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀,” ọkùnrin náà máa ń wí, “a ti lé e padà lẹ́nu ọ̀nà.”

Lọ́jọ́ ìgbàwé ẹ̀rí, gbọ̀ngàn a pàtẹ́wọ́. “Ẹnu akọ̀wé àgbà yìí, oyin ni!” Màmá a wà lẹ́yìn pátápátá, ọmọ lórí itan. Kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn. Kò bínú. Ọ̀rọ̀ náà kàn dà bí egungun ẹja tí kò pani, tí kò sì kúrò lọ́nà ọ̀fun.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ò mọyì ilé. Aago kan ọ̀sán gééré ló máa ń fi ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ kó àwọn ọmọ nílé-ìwé fúnra rẹ̀. Àkọ́bí bèèrè bàtà nígbà kan, ó ní kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ wá. Ọmọ kọ ọ́. Bàbá fèsì, ó lu òǹtẹ̀: “A ti rí ìwé rẹ gbà. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí.” Ìgbìmọ̀ wo? Òun àti Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì! Ọjọ́ kejì ni bàtà dé.

Nísinsìnyí, obìnrin akọ̀wé ló ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, Màmá ń fi igi lé e, orin sì ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níhò imú rẹ̀. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ ìwé.

“Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé, ‘Ohun ìyàwó mi ni mo ń lò. Ọjọ́ tí mo bá dá a padà, ẹ ò ní gbọ́ mi mọ́.’” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, kí ni Bàbá ń lò tó jẹ́ tiyín? Mi ò sí níbẹ̀, inú àkọsílẹ̀ ìpàdé ni mo ti rí i, láìsí àmì; ní ọ́fíìsì, a ní awò ojú ni.”

Màmá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Nígbà tó dé, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tó sọ. “Mo dúpẹ́, mo jókòó,” lèsì tó rí gbà.

“Tún un kà.”

Ó tún un kà.

“Fi ìka síbi tó kẹ́yìn nínú ‘ohun’ yẹn.”

Pẹ́ńsùlù dúró lókè. Igi kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀ ìwé. Bó bá fi í síbẹ̀, ara rẹ̀ ló ń yìn. Bí kò bá fi í síbẹ̀, awò ojú ni títí ayé. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí? Ẹlẹ́rìí ti lọ. Ó ka gbólóhùn kejì nínú ara rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ mi mọ́. Ta ló ń fi awò ojú sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ?

Ó fa igi náà sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́.

“Ohùn,” obìnrin akọ̀wé kà á. “Ohùn ìyàwó mi ni mo ń lò.” Ó gbójú sókè wo Màmá. “Màmá, èmi náà wà lórí ìlà àwọn tó ń gbàwé ẹ̀rí lọ́dún kan. Nínú gbogbo ilé-ìwé yẹn, Bàbá nìkan ló pè mí bí ìyá mi ṣe ń pè mí.”

Màmá ń nu ojú tábìlì tí kò dọ̀tí.

“Ó ku òkè,” ló wí nígbà tó yá.

Lókè ìwé, orúkọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, gàdàgbà, lórí pípá. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ìgbéyàwó, kò fẹnu kàn án rí. “Bàbá wọn” ló ń pè é, tàbí “ẹ gbọ́ ná.” Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ló ti gba ẹnu rẹ̀ kọjá lórí tábìlì yìí, èyí ò sí níbẹ̀.

“Ṣé kí n pè é fún yín?”

“Rárá. Ìka nìkan ni kó o fi sí i.”

Dò, dò, re, mí. Igi méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè. Ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó gbójú sí ọ̀nà yàrá, ó sì pè é síta, ketekete, bí ẹni tó wà lórí pèpéle.

Lẹ́yìn náà ó dúró, bí ẹni tó bá pe èèyàn ṣe máa ń dúró. Obìnrin akọ̀wé ò gbé ìka kúrò lórí ìwé.