Apá Aṣọ Pásítọ̀

Àlùmọ́gàjí náà ti jẹ bébà dé ìdajì kí Ìyá Aránṣọ tó rí i pé orúkọ òun fúnra òun ni òun ń gé sí méjì.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Aṣọ funfun gígùn tí pásítọ̀ ń wọ̀ lórí pẹpẹ wà lórí tábìlì, apá rẹ̀ ọ̀tún ti ya lábẹ́ abíyá, nítorí ọkùnrin náà ti sanra sí i láti ìgbà tí wọ́n ti rán an fún un, ó sì máa ń nawọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso. Apá tuntun ni wọ́n ní kó rán sí i kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti lẹ bébà mẹ́rin pọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya apá náà sórí rẹ̀, ó sì ń gé e lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kì í ra bébà. Akọ̀wé ìjọ ló máa ń kó èyí tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí lójú kan wá fún un láti ọ́fíìsì, òkìtì kan lóṣù, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó fa awò rẹ̀ súnmọ́ ojú. Awò náà ti sọ ẹsẹ̀ kan nù, òwú tí a fi ń gán bọ́tìnnì ló fi so ó mọ́ etí. Ó ti wá a rí fún odindi wákàtí kan, ó bú gbogbo àdúgbò lólè, kí àbúrò rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án nímú pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, olè náà rèé.” Lónìí, ó wù ú pé kó má rí i rárá.

Lórí bébà náà ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà pé: ỌRẸ ÀFIKÚN FÚN ÒRÙLÉ, OHUN TÍ À Ń RETÍ. Orúkọ àwọn ará ìjọ ló tò sísàlẹ̀, iye owó wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé sì fi bírò kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káfíńtà: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ àga ilé ìwé, apá rẹ̀ á ká a. Oníbúrẹ́dì: ọmọ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀, kò fẹ́ kí ẹbí ọkọ rẹ̀ tó kú mọ̀. Alágbàfọ̀: gbogbo owó iṣẹ́ abẹ ojú, inú agolo ló wà nílé, bí a bá gbàdúrà fún ojú náà, yóò mú un wá.

Àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, níbi tí àlùmọ́gàjí dúró sí: Ìyá Aránṣọ: òfo. Ẹnu rẹ̀ ti tó.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ooru gbéra láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wá.

Alágbàfọ̀ ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ojú òsì rẹ̀ ti funfun bí ojú ẹja tí a bọ̀, ti ọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀lé e. Ọdún mẹ́ta ló fi fọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn, ó ń ju owó sínú agolo mílíìkì díẹ̀díẹ̀, nítorí dókítà ti sọ pé bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́dún yìí, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe é mọ́.

Ta wá ló dúró níwájú ìjọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ka ìpè ọrẹ náà sí wọn létí? Òun ni. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ dùn. Ó gba bébà, ó gba màíkì, ó kà á pé, “Ẹ̀yin ará, tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ la fi pè yín kí ẹ gbàdúrà fún ọjọ́ méje lórí ọrẹ àfikún. A ò dá iye kan lé ẹnikẹ́ni lórí. Kí oníkálùkù gbọ́ tirẹ̀ láti ẹnu Ọlọ́run.” Ó sì fi tirẹ̀ kún un, pé òjò inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ti ṣèrìbọmi fún òun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí, òun ò sì tíì ronú pìwà dà. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá àga. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tí wọ́n fi gba àpòòwé ọrẹ. Àbúrò rẹ̀ náà gba ọ̀kan. Láti Ọjọ́rú ló ti ń sọ pé òun ti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Olúwa, kò sì sọ ohun tí òun gbọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, Ìyá Aránṣọ sọ nínú ara rẹ̀. Ẹnì kan nínú ìjọ yìí ló tú àṣírí wa fún wọn. Inú bí i débi pé ó gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú.

Ó rán apá náà ṣá. Iṣẹ́ kì í mọ ìbínú. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ gún máṣíìnì bí ẹni tó ń lépa ènìyàn, nígbà tó sì parí, ó ká bébà rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó gbé aṣọ náà, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Akọ̀wé nìkan ló wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ṣòkòtò tí Ìyá Aránṣọ rán fún un ló sì wà nídìí rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá wa. Ṣé apá ti bọ́ sí i?”

“Ó ti bọ́ sí i. Wá wo ohun tí mo fi díwọ̀n rẹ̀.”

Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Akọ̀wé wò ó. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó nu iwájú orí, ó tún nu ọrùn.

“Ètò lásán ni, mà. Àwọn tó fẹ́ kan òrùlé fẹ́ mọ iye tó ń bọ̀.”

“Ẹ wá bá Ọlọ́run kọ èsì àdúrà sílẹ̀ kó má baà ṣe wàhálà.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá.”

“Ta ló sọ ọ̀rọ̀ owó àbúrò mi fún yín?”

Akọ̀wé gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ẹni tó béèrè ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

“Agogo ti ń lù, mà.”

“Etí mi ò di. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.”

“Ẹ má bi mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́.” Ó rọra ká bébà náà, ó dá a padà fún un. “Ṣé ẹ fẹ́ kà á síta ni? Ti oníbúrẹ́dì, tí ẹbí ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀? Ti àbúrò yín? Ẹ rò ó wò.”

Ó ti rò ó. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń kọrin, tí wọ́n ń ka Bíbélì, tí pásítọ̀ ń gbé apá tuntun sókè sódò, ó ń rò ó. Nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá ka ìpè náà lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọrẹ kiri, ó dìde pẹ̀lú bébà tó gé bí apá aṣọ lọ́wọ́. Kò tíì dé orí pèpéle tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Ó gbé e sókè.

“Apá ta nìyẹn, Màmá?” Káfíńtà pariwo láti ẹ̀yìn. “Ṣé ti Gòláyátì ni?”

Ilé dà wó lẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ti kọ iye tí Ọlọ́run máa bá yín sọ síbí,” ni ó wí.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá kan gbá itan ara rẹ̀.

“Mi ò ṣàwàdà.”

Èyí ló wá pa wọ́n jù. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú akọrin dorí kodò, èjìká wọn ń gbọ̀n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀rín tó ti ń fi ṣoge láti kékeré wá dẹ́rù bà á. Ó wo ìlà kejì. Àbúrò rẹ̀ jókòó, báàgì lórí orúnkún, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú tó ṣì dára lè rí i, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ìlà kan ṣoṣo péré ló nílò láti kà. Bó bá ka ti oníbúrẹ́dì, ẹ̀rín á kú bí iná àbẹ́là. Ó wo oníbúrẹ́dì. Ó wo àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò bí ẹyẹ lórí wáyà. Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní bọ́ ẹlòmíràn síhòòhò.

Ó ká bébà náà. Ó dúró.

Wọ́n dúró de ìyókù àwàdà. Ẹ̀rín tó kù ń kán tó, tó, bí omi òrùlé lẹ́yìn òjò, títí ó fi dá. Ẹnì kan húkọ́. Ìyá Aránṣọ ṣì dúró, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tí obìnrin yìí dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè yín pé kẹ́ ẹ lọ gbàdúrà,” ló sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Irọ́ ni mo pa fún yín, mi ò sì mọ̀. Ẹ má ju àpòòwé kankan sínú apẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ti kọ dè é, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìn. Tirẹ̀ nìkan ni màá fi hàn án. Òrùlé ń jò, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó ṣì máa jò ná.”

Pásítọ̀ na ọwọ́ sókè. Apá tuntun gba ọwọ́ náà dáadáa. Ó yíjú sí akọ̀wé, akọ̀wé ń wo ilẹ̀, ọwọ́ náà sì padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ lọ yípo, fúyẹ́ ló padà dé.

Ìbínú rẹ̀ ò tíì wálẹ̀ nígbà tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà ló kọ́kọ́ dé, kò ṣàwàdà mọ́. Ìyá Aránṣọ fi gèlè bo ìyókù bébà, ó fi ìlà tirẹ̀ hàn án. Ọkùnrin náà kà á, etí rẹ̀ pọ́n.

“Ta ló sọ fún wọn pé mo gba iṣẹ́ ilé ìwé?”

“Èmi náà ń wá a. Bí mo bá mú un, ahọ́n rẹ̀ ni màá fi ṣe bọ́tìnnì.”

Oníbúrẹ́dì tẹ̀lé e. Ó kà á tán, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbójú sókè, ó wo Ìyá Aránṣọ pẹ́, bí akọ̀wé ṣe wò ó láàárọ̀, ó sì jáde láìdágbére. Ìyá Aránṣọ rò pé ìtìjú ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ń fọwọ́ tọ ògiri.

“Ẹ bá mi kà á.”

Ó kà á fún un. Ó fẹ́ fo ibi agolo, ṣùgbọ́n kò fò ó. Nígbà tó parí, àbúrò rẹ̀ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń ṣírò aṣọ tó wà lórí okùn.

“Wọ́n kọ ọ́ pé inú agolo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn aláìlójútì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ fún pásítọ̀ pé mo lówó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.” Kò gbé ohùn sókè. “Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún.”

Ìyá Aránṣọ la ẹnu láti fèsì, ó sì fojú inú rí akọ̀wé níwájú dígí, níbẹ̀ yẹn, lóṣù tó kọjá, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, téèpù wà nídìí rẹ̀, òun sì wà lórí orúnkún tó ń wọn ṣòkòtò, ẹnu rẹ̀ ń lọ wàràwàrà. Bá mi fi àbúrò mi sádùúrà o, akọ̀wé, obìnrin yẹn ti kówó jọ sínú agolo títí. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Káfíńtà wa náà ti ríṣẹ́, ẹ dúpẹ́ fún un. Ayọ̀ ló fi sọ ìyẹn. Ti oníbúrẹ́dì ńkọ́? Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ó tilẹ̀ sín ìyàwó àbúrò ọkọ oníbúrẹ́dì jẹ, bó ṣe máa ń na ọrùn wo ẹrù àwọn ẹlòmíràn, akọ̀wé sì rẹ́rìn-ín títí téèpù fi yẹ̀.

Ó jókòó.

Àbúrò rẹ̀ ṣí báàgì, ó mú àpòòwé jáde, ó gbé e lé tábìlì. Ó nípọn bí ìwé orin.

“Gbogbo rẹ̀ rèé. Mo rò pé Olúwa ló ní kí n mú un wá.” Ó fi ìka pa etí àpòòwé náà rẹ́. “Ohùn tí mo gbọ́ jọ tiyín gan-an.”

Ìbínú náà ṣì wà láyà Ìyá Aránṣọ, odindi, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún mọ́.

“Ọjọ́rú ni dókítà ní kí n wá,” ni àbúrò rẹ̀ wí, ó dá àpòòwé padà sínú báàgì. “Ẹ óò sìn mí lọ.”

“Màá sìn ọ́.”

“Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

Òjìji kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹlòmíràn tún ti dé, ó fẹ́ mọ tirẹ̀. Ìyá Aránṣọ fa agolo píìnì súnmọ́ ara. Ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sáàárín ètè, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ ká etí aṣọ, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ kankan níwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ kún, ó mi orí sí ẹni náà pé kó máa bọ̀.