Irúgbìn Ara Ògiri

Ọmọ́bọ́lá kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílé ọkọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó ti jẹ iṣu rí. Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Irúgbìn tòmátì ló gbé wá láti Sùúrùlérè, nínú àpò pépà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ya tòmátì pupa rọ̀bọ̀tọ̀ sí lára. Ìyẹn náà ló dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú Mùsítúrà, ìyá ọkọ rẹ̀.

Mùsítúrà ní tòmátì tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn ní Ọ̀jọ́. Tòmátì ahunjọ ni. Ìyá tó bí i ló gbé e wá fún un láti Ìbà, nígbà tó wá ń wẹ Àsánì, ọmọ kan ṣoṣo tí Mùsítúrà bí, tó wá di ọkọ Ọmọ́bọ́lá, ní ìkókó. Omi inú tòmátì náà pọ̀, ó sì kan díẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá fi se ọbẹ̀ ẹja, aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná wíwá kẹ́wọ́ yà sílé wọn. Lọ́dọọdún, Mùsítúrà á fi èyí tó dára jù sílẹ̀ kó pọ́n rà, á fún irúgbìn rẹ̀ sínú eérú, á pò ó pọ̀, á wá rẹ́ ẹ mọ́ ara ògiri alámọ̀ ilé ìdáná, lókè ààrò, níbi tí èéfín ò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, á ha á sílẹ̀, á gbìn ín. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, àwọn ará Ìbà ò sì gbin irú rẹ̀ mọ́. Ara ògiri yẹn nìkan ló kù tí Mùsítúrà ti ń rí ìyá rẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, owó epo rọ̀bì ti gba ìgboro. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún etí omi Àpápá débi pé wọn ò ráyè já ẹrù, ìjọba sì ń la ọ̀nà ńlá Bàdágìrì gba Okokomáíkò kọjá. Gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ló ń kọ́ yàrá fún ayálégbé. Àsánì náà, tó jẹ́ akọ̀wé ní Àpápá, ń kọ́ yàrá mẹ́fà sẹ́yìnkùlé. Ebè gígùn kan péré ló ṣẹ́ kù fún tòmátì, Mùsítúrà sì ní òun kì í gbin oríṣi méjì sójú kan, wọn á dà pọ̀ mọ́ra wọn ni. Ọ̀kan ni wọ́n máa mú.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ọmọ́bọ́lá sọ ọ́, nídìí oúnjẹ, pé tòmátì inú àpò náà kì í tètè rà, bóyá kí wọ́n dán an wò. Mùsítúrà wò ó. Láti ìgbà náà, ọmọ náà ò sọ ọ́ mọ́, ìdákẹ́ yìí gan-an ló sì wá ń dun Mùsítúrà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ni ìyá ọkọ náà ń wí nínú ara rẹ̀.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan, Mùsítúrà tètè ti àsàlátù dé. Ó bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ́bọ́lá ta gìrì, ó fi ọ̀bẹ pa mọ́ sínú ìró, ó kúnlẹ̀, ó kí i kú àbọ̀, ó ní èédú ara ògiri lòun ń nù. Èédú! Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ èédú? Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá jáde tán, Mùsítúrà na ọwọ́ sókè ààrò. Ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Kò ku ẹyọ irúgbìn kan.

Ìbéèrè kan péré ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́. Ṣùgbọ́n Mùsítúrà kì í béèrè, mímọ̀ ló máa ń mọ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ náà ti da irúgbìn ìyá òun nù kí tirẹ̀ lè gba ebè. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Ọmọ́bọ́lá lọ ra kẹrosíìnì ní Okokomáíkò. Mùsítúrà wọ yàrá ìyàwó náà, ó bá àpò pépà náà lábẹ́ àpótí. Ó da irúgbìn inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó rí nǹkan tó dà bí eérú lára rẹ̀, ó ní oògùn òyìnbó nìyẹn. Ó gbé agbada kaná, ó yan án bí ẹni ń yan gàrí títí òórùn rẹ̀ fi sọ. Nígbà tó tutù, ó dà á padà, ó pa ẹnu àpò náà dé bó ṣe bá a. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ó ní. Bí tòun ò bá hù, tirẹ̀ náà ò ní hù. Ó sì sun oorun ọ̀sán dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn bíríkìlà kó dìgà dé, ilé ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí. Mùsítúrà bi Àsánì léèrè. Àsánì ò lè gbójú sókè. Ó ní yàrá kẹfà gba ibẹ̀ kọjá, àyà òun ò gbà á láti sọ, òun sì ti kìlọ̀ fún ìyàwó òun pé kò gbọ́dọ̀ sọ. Ògiri alámọ̀ náà wó lulẹ̀ lójú wọn.

Ọmọ́bọ́lá wá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò pépà náà síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ yín ló ní kí n má sọ. Mo ti ha irúgbìn yín sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Òun ló wà nínú àpò yìí. Tèmi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti dà á sínú ọ̀sà, kí méjèèjì má bàa dà pọ̀.”

Mùsítúrà gbà á, ó dì í mọ́ àyà. Àsánì rò pé ayọ̀ ni.

Wọ́n jọ gbìn ín ni. Láràárọ̀ ni Mùsítúrà ń bomi rin ebè tó mọ̀ pé nǹkan kan ò ní hù níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ, kò hù. Ọjọ́ kejìlá, Ọmọ́bọ́lá jókòó ti ebè náà, ó ń sunkún. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọ̀bẹ òun ló pa á lára, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọwọ́ òun ni ò dára. Ká ní Mùsítúrà dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ó rò ó. Ojú ń tì í, ó sì ń bẹ̀rù ọmọdé tó tó bí lọ́mọ. Àmọ́ kò lè wo ẹkún náà.

“Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo yan án lórí iná. Mo rò pé tìẹ ni.”

Ọmọ́bọ́lá gbójú sókè. Kò pariwo.

“Kí ni mo ṣe fún yín, Màmá?”

Mùsítúrà wá ẹ̀ṣẹ̀ náà láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wọlé títí di òní, kò rí ọ̀kan. Ó yíjú sí ibi tí ògiri ilé ìdáná wà tẹ́lẹ̀, níbi tó máa ń wò láti rí ìyá rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ká a mọ́lẹ̀. Bílọ́ọ̀kù yàrá ayálégbé ló wà níbẹ̀.