Okùn Orí Pósí Erlend

Ní erékùṣù Westray níbí, àwọn ẹbí ló máa ń di okùn mú láti sọ pósí kalẹ̀ sínú sàréè. Ẹni tó sún mọ́ olóògbé jù lọ ni yóò di okùn orí. Nígbà tí Erlend kú, Tam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá Thora opó rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyàwó wa, jókòó sórí àga onítáyà rẹ. Jẹ́ kí n bá ọ di okùn orí."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ni. Ìdúró ni mo máa fi sin ín."

"Ìwọ tí o kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà láìmí hẹlẹ?"

"Bí mo bá ṣubú, ẹ kúkú bò wá pọ̀."

Àrùn MS, tó máa ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́, ti gba agbára ẹsẹ̀ Thora. Ilé ìwòsàn fún un ní ẹsẹ̀ irin tí bátìrì ń gbé rìn, tí a máa ń dè mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá fi rìn díẹ̀, yóò sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi ni mo dè é fún un. A kò sunkún. Ó ti rẹ̀ wá ju ẹkún lọ.

Thora dúró níbi orí sàréè, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlùfáà gbàdúrà, wọ́n yọ igi abẹ́ pósí, ìwúwo Erlend sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó di okùn mú. Ara Thora tẹ̀ síwájú, bíi ti gbogbo ẹni tó ń sọ òkú kalẹ̀. Ẹ̀rọ ẹsẹ̀ irin náà kò sì mọ ọ̀fọ̀. Bí ara bá ti tẹ̀ síwájú, ó gbà pé a fẹ́ rìn nìyẹn. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó rántí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún Thora, ó gbé e sétí ihò gan-an.

Mo fa bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo bẹ̀ ọ́," ni Tam wí, "fún mi ní okùn yẹn."

"Rárá. Merran àbúrò mi, dì mí mú. Mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú mọ́."

Ó nàró, ó kọjú sí òkun, ó ń dẹ okùn náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa ń wo Erlend bó ṣe ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rí i.

"Ṣé ó ti dé ilẹ̀?"

"Ó ti dé ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ó gún régé?"

Mo bá a wò ó. "Ó gún."

Ó ju okùn sílẹ̀.

"Gbé àga wá," ló wí. "Ó rẹ̀ mí."