Ìdákẹ́ Màmá Ìgbàjọ Lórí Òṣùwọ̀n

Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ àlá tó mú mi lóru àná. Ẹ̀wà ni mo jẹ sùn lóòótọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo kàn mọ̀ pé bí mo ṣe dijú báyìí, mo ti wà níwájú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ ìwádìí mi wò, ìyẹn iṣẹ́ tí mo máa gbèjà ní ti gidi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí Màmá Ìgbàjọ, ìyá àgbà tí mo ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣe ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nígbà tí ọmọ ọ̀hún kò gbọ́ Yorùbá. Bí ìgbìmọ̀ bá ní kò dára, gbogbo wàhálà mi wọgbó nìyẹn, mo padà sílé lọ máa wo ojú ìyá mi nìyẹn.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò kò sí nílẹ̀. Òkè pápá bọ́ọ̀lù ló léfòó sí, ó ń fì síbí fì sọ́hùn-ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi okùn fà á kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ká mi lára ni pé bàtà onígigísẹ̀ ni mo wọ̀, àkàbà ni wọ́n sì ní kí n gùn.

Mo gùn ún, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnṣakin ló jókòó sáàárín, ọkùnrin tó jẹ́ pé oníṣirò ni kó tó yà bá wa nídìí ìmọ̀ èdè. Olùdarí iṣẹ́ mi, Dókítà Ọláòṣebìkan, obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo àjà. Òṣùwọ̀n ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn kòkó, ló wà níwájú wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ìbíwùmí, èèyàn mélòó lo wádìí lẹ́nu wọn?"

"Ẹnì kan ni, sà. Ṣùgbọ́n mo tẹ́tí sí i dáadáa."

"Ẹnì kan! Dókítà, ẹ gbọ́ o, ẹnì kan! Igi kan kì í dá igbó ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ igi, ìdí igi kan náà ló máa jókòó sí."

Òṣùwọ̀n dá sí i. Ó ní, "Ọmọ yìí lẹ́nu o." Mo kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," torí ó jù mí lọ. Ó dáhùn dáadáa.

Wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ mi lé òṣùwọ̀n. Mo ṣí báàgì mi, n kò bá ìwé kankan níbẹ̀. Ìdákẹ́ ló kúnnú ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, bí màmá yẹn bá ti ki ọmọ náà tán, tí kò sì rí ìdáhùn gidi, ó máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mo kọ iṣẹ́ lé lórí. Lójú àlá, wọ́n ti pọ́n àwọn ìdákẹ́ ọ̀hún sínú ewé bíi mọ́ínmọ́ín, wọ́n ṣì ń gbóná.

Mo kó wọn lé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kò mì rárá.

"Kò tẹ̀wọ̀n," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní.

"Sà, ẹ ní láti mọ ẹni tó dákẹ́ àti ohun tó ń retí kó tó lè tẹ̀wọ̀n."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo ṣẹ̀dá ìdákẹ́ náà fúnra rẹ? Bí ẹlòmíràn bá lọ síbẹ̀, ṣé ìdákẹ́ yìí kan náà ló máa bá?"

"Ó lè bá òmíràn, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ayédèrú ni!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn sí i. Ìwo yọ lábẹ́ fìlà. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di òbúkọ. Dókítà náà ti di ewúrẹ́, ó sì jọ pé ara tiẹ̀ balẹ̀ sí i. Agbádá oyè ṣì wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, kí n má purọ́, ó yẹ wọ́n.

Àfi bí òbúkọ ṣe tú ewé kan tó sì jẹ ìdákẹ́ inú rẹ̀. Ó tún jẹ òmíràn. "Kò níyọ̀," ó ní. Inú bí mi gan-an! Mo bọ́ bàtà mi kan, mo fi ń lé e: "Ẹ kúrò ńbẹ̀, sà! Màmá olómàmá ló ni ín, ẹ kúrò ńbẹ̀!" Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà tí mo fi ń lé e o, kí wọ́n má baà ní n kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún nínú ikùn òbúkọ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbé e," ewúrẹ́ ní.

Ó yanu. Ohùn Màmá Ìgbàjọ ló jáde: "Ẹ̀lóò! Àjàní! Àjàní ọkọ mi, ṣé o jí ire? Ṣé o ti jẹun? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò mú ẹ jù? Àjàní tó jọ bàbá rẹ̀ dé èékánná, dá mi lóhùn."

Ohùn ọmọdé kan dáhùn láti ọ̀nà jíjìn: "Ókéè."

Màmá dákẹ́.

Mo ti gbọ́ ìdákẹ́ yẹn lórí ẹ̀rọ títí etí mi fi ń ro, àmọ́ tàná yẹn, ó mú mi lọ́kàn. Òbúkọ kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Òṣùwọ̀n ké, "Yéè, ẹ̀yìn mi o!" ó sì tẹ̀ wọlẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í rì bọ̀ nílẹ̀.

"Ọmọ ọmọ tiyín tó wà ní Kánádà ńkọ́, sà?" ewúrẹ́ béèrè.

"Ó wà," òbúkọ ní, ó sì bú sẹ́kún. "Inú fọ́tò ló ti mọ̀ mí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sì ní ó parí, mo yege. Ó nu imú sára tábìlì, ó gbójú sókè: "Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó?"

Mo fariga! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohùn màmá, mo ń ṣe tọmọ, mo ń ṣe ti Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sunkún, kí wọ́n lè gbọ́ ọ lọ́tun. Ọ́fíìsì kanlẹ̀, gbì!

Àṣé ilẹ̀kùn mi ni ìyá onílé wa ń gbá. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ṣí i, itọ́ ṣì wà lẹ́nu mi.

"Ìbíwùmí, àwọn wo lo kó wọlé? Mo gbọ́ ìyá àgbà, mo gbọ́ ọmọdé, mo gbọ́ ọkùnrin tó ń sunkún. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, mà."

Ó wolẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò rí ẹnì kankan. Ó dìde, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ìwọ nìkan lo pọ̀ tó báyìí?"

Mo dì mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá mi wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀."