Olùkọ́ Tó Ń Kọ́ Kíláàsì Mi

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ní yunifásítì wa, iṣẹ́ ìwádìí ló ń sọni di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ni wọ́n gbé ga rí torí pé ó mọ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kọ́? Ìwádìí kan péré ló kù fún mi. Ìwé kan wà tí olùkọ́ máa ń buwọ́ lù lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, láti fi hàn pé òun wá kọ́ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo buwọ́ lu ti ọ̀sẹ̀ méjèèjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lọ ti ara mi mọ́ yàrá ìwádìí. Bí mo bá purọ́, ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àkọ́bí mi obìnrin wà nínú kíláàsì yẹn. Torí tèmi ló ṣe yan ẹ̀kọ́ náà. Mo ní tí mo bá di ọ̀jọ̀gbọ́n tán, màá ráyè fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, akọ̀wé ẹ̀ka wa, obìnrin tí kì í yin ẹnikẹ́ni, pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn ọmọ ní ẹ ò pa ọjọ́ kan jẹ."

"Ẹ̀ ń fọgbọ́n bú mi, àbí?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín ní ṣọ́ọ̀kì ni, tí ẹ wọlé sọ́dọ̀ wọn."

Mo gba ẹ̀yìn wọ gbọ̀ngàn tí kíláàsì mi ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Igba ọmọ ló jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ fóònù. Ẹni tó wà níwájú, ojú mi ni, ohùn mi ni. Hàáà! Ó tún wá mọ̀ ọ́n kọ́ jù mí lọ! Ó ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èyí tí kò yé, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sì kanra. Ká sòótọ́, ìlara ló kọ́kọ́ mú mi kí ẹ̀rù tó dé.

Ọmọ mi wà ní ìlà kejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn nílé. Mo sáré lọ di apá rẹ̀ mú.

"Dìde, ká máa lọ! Ìyẹn kì í ṣe èmi. Èmi ni bàbá ẹ!"

Ó wò mí, ó wo ẹni tó wà níwájú. Ẹ̀rù ò bà á rárá.

"Mo mọ̀, Dádì," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì."

Ó rọra yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tí olùkọ́ wa ń sọ."