Òrùlé Ilé Ìyá Awóníyì

Ní Iléṣà, iléeṣẹ́ kan wà tó ń ṣe ilé lápá-lápá, tí wọ́n á wá fi tírélà gbé e lọ tò síbi tí oníbàárà bá fẹ́. Iṣẹ́ Julianah níbẹ̀ ni kó rí i pé irin, ilẹ̀kùn àti páànù kò wọ́n wọn. Bó bá ṣíwọ́, á padà sí Dàda Estate ní Òṣogbo, níbi tó ti ń dá gbé látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Lọ́dún yìí, páànù wọn há sí èbúté Àpápá. Ògiri ilé Ìyá Awóníyì, oníbàárà wọn kan, ti dúró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, kò lórùlé. Òjò ló wó ilé àtijọ́ ìyá náà. Awóníyì, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà, ló ní kí wọ́n kọ́ tuntun. Julianah ti fi fóònù bẹ ìyá náà títí, ojú wá ń tì í. Ó bá wọ ọkọ̀ lọ.

Ó bá a lórí àga ìjókòó kan nínú yàrá ilé tuntun náà, oòrùn ń ta sí i lórí.

"Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan ni. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni mò ń sùn. Wọ́n ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ibí ni mo máa ń wá."

"Páànù ò tíì dé, Mà."

"Mo mọ̀. Jókòó ná."

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ó lọ bá Ọ̀gá Elisha. "Ẹ jẹ́ ká ṣí páànù ilé tó wà lẹ́nu géètì fún Ìyá Awóníyì, sà."

"Èyí tá a fi ń han oníbàárà?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbé inú ẹ̀, sà."

Ọ̀gá Elisha bojú wo ẹnu géètì. "Tó bá bàjẹ́, ìwọ ni màá bi."

Wọ́n kó páànù náà lọ kàn sílé ìyá náà, ṣùgbọ́n kò tó lápá ilé ìdáná. Àlòkù tí wọ́n fi dí i, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ tán, ìyá náà ò jẹ́ kí Julianah dìde.

"Ìgbà wo lo tún ń bọ̀?"

Iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Julianah ní òun á yà lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn.

Bó ṣe bojú wẹ̀yìn lójú títì, ìyá náà ti tan iná sí gbogbo yàrá, bí ẹni tó ń retí àlejò.